Bọ́tìnì Tó Ní Àwòrán Òkè

Òjò ti fọ òkè Ẹ̀fọ̀n kí a tó máa sọ̀ kalẹ̀,
ọ̀dà ń dán bí ẹ̀yìn ejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ.
Màámi wà lẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí iṣu.
"Ṣé a ó dé ulé báyìí?"
Ulé ló ń pè é. Ìbàdàn ti sọ tèmi di ilé.

Jíìpù tòkunbọ̀ ni, mo gbà á lóṣù Ẹrẹ́nà.
Bọ́tìnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà rẹ̀:
ọkọ̀ kékeré tó dorí kodò lórí òkè.
Mo ti rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni,
àfi ọjọ́ tí Bámitálẹ̀, mẹkáníìkì Arámọkọ,
nu ọwọ́ epo sára ṣòkòtò, tó wò mí bí ẹni wo ọmọdé:
"Nọ́ọ̀sì, gbogbo abẹ́rẹ́ lo mọ orúkọ,
o ò wá mọ ohun tó wà lábẹ́ ìka ara rẹ?

Orí òkè ni kó o ti tẹ̀ ẹ́,
kì í ṣe ìgbà tí ọkọ̀ bá ti ki eré mọ́lẹ̀ tán.
Gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Bíréèkì náà, fi í sílẹ̀,
ṣùgbọ́n má gbé ẹsẹ̀ jìnnà sí i.
Yóò máa dún gbrr, gbrr,
bí ẹ̀rọ ata tí ata ti tán nínú rẹ̀;
kò bàjẹ́ o, taya ló ń dì mú lọ́kọ̀ọ̀kan.
Bí iná ofeefee bá ń ṣẹ́jú, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.
Bó bá là sílẹ̀ tí kò ṣẹ́jú mọ́, gbé e wá bá mi.
Bó o bá rì sínú ẹrẹ̀, o lè pa á kí taya ráyè walẹ̀,
tó o bá ti jáde, kó o dá a padà, má gbàgbé.
Má sì gbé ọkọ̀ sí fírì lórí òkè láé.
Epo tó o bá rí fi pamọ́, pósí ni wọn ó fi rà.
Àti pé," ó ta taya mi nípàá, "bọ́tìnì ò ní èékánná.
Èyí ti pá. Lọ ra mẹ́rin."

Mo ra méjì. Owó oṣù kò tíì wọlé.

Bàbá mi kò ní bọ́tìnì.
Bẹ́dífọ́ọ̀dù pákó ló ń wà, jíà tó fi gòkè ló fi ń sọ̀,
Súyì a sì máa sáré tẹ̀ lé taya ẹ̀yìn,
wẹ́ẹ̀jì ìrókò ní èjìká;
bí ọkọ̀ bá ti ń yọ̀, a jù ú sábẹ́ taya, gbà!
Ìka ẹsẹ̀ méjì ló fi sílẹ̀ lọ́nà Òkè-Mẹ̀sí.

Mo tẹ̀ ẹ́.
Ọkọ̀ tẹríba, ó ń sọ̀ bí aboyún lórí àtẹ̀gùn.
Gbrr. Màámi di àga mú. "Kí ló ń jẹ ẹ́?"
Níbi kọ́nà tí àpáta ti yọrí sójú títì
ìdí ọkọ̀ fẹ́ ya lọ sí ọ̀gbun
(taya méjì tí n kò rà),
iná ofeefee ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta, ohun kan fa ìdí náà padà.
N kò mí.

Takisí kan kọjá wa, kò pariwo rárá,
ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bí ẹni sùn: fírì ló wà.
A bá a nísàlẹ̀, nínú gọ́tà, ẹ̀gbẹ́ kan lókè.
Kò sẹ́ni tó kú. Awakọ̀ jókòó lórí òkúta,
bàtà kan lẹ́sẹ̀, ó ń wá ìkejì.
A fún un lómi, a gbé èrò rẹ̀ méjì.

Nígbà tí ilẹ̀ tẹ́jú, Màámi na ọwọ́ láti ẹ̀yìn,
ó fọwọ́ kan bọ́tìnì náà.
"Kí ni wọ́n ń pè é?"
N kò mọ̀ ọ́n lédè wa.
"Súyì ni," ó ní. "Súyì, o ṣé o."

Lọ́jọ́ Ajé mo ra taya méjì tó kù, láwìn.
Bámitálẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.