Ẹnu Tí Mo Yá A

Èrèlé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ní Wínípẹ́gì.
Òtútù fà mí létí bí àgbà tí inú ń bí.
Mo gbọn yìnyín ẹsẹ̀ mi sẹ́nu ọ̀nà kílíníìkì,
mo kọ́ káàdì ògbufọ̀ sọ́rùn,
mo jókòó ti ẹni tí wọ́n ní kí n yá lẹ́nu.
Òfin iṣẹ́ mi ò gùn:
má fi kún un, má yọ níbẹ̀.
Bó bá ní "mo", kí èmi náà ní "mo".

Nọ́ọ̀sì yọjú, ó pe orúkọ inú ìwé,
orúkọ ọkùnrin. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì.
Gbogbo ìjókòó gbọ́.
Ẹni ẹ̀gbẹ́ mi kò mira.
Ó ń wo bàtà rẹ̀, bàtà ìtọrẹ,
ọ̀kan tóbi díẹ̀ ju èkejì lọ.

Nínú yàrá, dókítà bi mí:
"ó" tí ẹ̀ ń wí yìí, ti ọkùnrin ni àbí ti obìnrin?
Mo ní, dókítà, lọ́dọ̀ wa, "ó" ni "ó".
Òun la fi ń pe Ọlọ́run, òun la fi ń pe ewúrẹ́.
Ẹni ẹ̀gbẹ́ mi rẹ́rìn-ín,
ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀ nìyẹn.
Ṣùgbọ́n èdè kan náà ni wọ́n fi bú u
lọ́jọ́ tí wọ́n fi ìgò ya ẹ̀yìn rẹ̀.

Dókítà wá sọ ọ̀rọ̀ kan.
Mo wá a lẹ́nu àwọn baba mi;
èébú ni mo bá, mẹ́ta, gbogbo wọn ló ń buni jẹ.
Díákónẹ́ẹ̀sì ni mí. Mo ti lo ọ̀kan rí.
Mo gbé wọn sílẹ̀. Mo ní:
"Wọ́n ní, ìwọ tí o mọ ara rẹ ní obìnrin."
Ó mi orí. "Ẹ ṣeun, mà."

Oògùn ńkọ́? Ó di oṣù méje.
Ní àtìmọ́lé, lódìkejì ẹnubodè,
wọ́n gba ike oògùn, wọn ò dá a padà.
Irùngbọ̀n ń bọ̀ bí ológò,
àràárọ̀ ló ń kanlẹ̀kùn.
Oorun ńkọ́? Apá ọkùnrin ni wọ́n fi í sí nílé àsùn;
tòun ti bàtà ló ń sùn, kọ́kọ́rọ́ ní àtẹ́lẹwọ́.
Ṣé ó máa ń ro ikú?
Ó pẹ́ kó tó dáhùn.
"Ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe ikú ni mò ń rò.
Orúkọ tí wọ́n á kọ sórí sàréè mi ni mò ń rò."
Mo sọ ọ́. Mi ò fi kún un.
Ohùn mi gbọ̀n; ìyẹn ò sí nínú òfin.

Èmi, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, mo wá ní:
"Mo ti jẹ́ obìnrin láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n rò."
Òótọ́ ni, fún àwa méjèèjì.

Dókítà fi rúlà wọn àpá ẹ̀yìn rẹ̀
fún ìwé àwọn tí yóò gbọ́ ẹjọ́ ààbò rẹ̀.
Sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlá.
Omijé ò ní ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sílẹ̀.

Wọ́n ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Ó wo ilé; ilé lé e.
Ló bá wo ìyá bàbá rẹ̀ tó ti kú,
ó bọ́ Àkànmú sílẹ̀, ó mú oríkì ìyá àgbà:
Àwẹ̀ró. Ẹni a wẹ̀, tí a ró láṣọ.

Nílé apòògùn, wọ́n tún pe ti inú ìwé.
Iṣẹ́ mi ti parí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn,
ẹnu mi ti padà di tèmi.
Mo dìde láàárín èrò.
"Àwẹ̀ró," mo ní, "wọ́n ń pè ọ́."
Ó dìde, bàtà ńlá yẹn ń dún pàkà lórí táìlì.