Orúkọ Òru

Ní Fọ́kọ̀, bí aago mọ́kànlá òru bá lù,
tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá húkọ́ ìkẹyìn,
èmi Àwẹ̀ró á bọ́ orúkọ mi sílẹ̀
bí ẹni bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.
Màá de ẹ̀rọ mọ́ etí.
Màá di Súsàn.

Obìnrin kan pè láti ìlú tí yìnyín ti ń bọ́:
fíríìjì òun ò tutù mọ́.
Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó yọ wáyà, kó kà dé ọgbọ̀n, kó tún un kì bọ̀ ọ́.
Fíríìjì tiwa ń bẹ ní kọ̀rọ̀, aṣọ la kó sínú rẹ̀;
láti ọjọ́ Àìkú, iná ò dé.
Ó ní, "Ohùn rẹ dùn. Ibo lo wà?"
Wọ́n ti ní ká má dáhùn ìyẹn.
Mo ní, "Ìtòsí ni, màmá."

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, bàbá mi àgbà ló ń húkọ́ wàyí.
Ọdún méjìdínlógún ló fi wọn kòkó ní Dùgbẹ̀.
Bó bá feyín gé hóró kan,
á sọ fún ọ bóyá oòrùn kàn án tó.
Ṣùgbọ́n iye tí àpò kan máa jẹ́, rédíò ló ń sọ ọ́,
ẹni tí ò fojú kan igi kòkó rí ló sì ń sọ fún rédíò.
Owó oṣù mi àkọ́kọ́, mo ra ṣokoléètì fún un.
Ó fahọ́n tọ́ ọ wò.
"Ohun tí wọ́n ń fi í ṣe nìyí?"
Ó wé ìyókù sínú ọ̀rá, ó kì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí.
Èèrà ló jẹ ẹ́.

Wọ́n ní Ìbàdàn lolè gbé ń jàre olóhun.
Olè ìgbà yẹn kúkú ń wọlé, a ń rójú rẹ̀.

Kí n má purọ́ ṣá: owó yìí ló ń ra oògùn ikọ́,
òun ló san owó ìdánwò Mùftáù.
Nígbà míì gan-an, Súsàn máa ń wù mí,
ẹnu rẹ̀ kì í gbọ̀n.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá kọ̀wé pé àwọn ń gba ohùn wa sílẹ̀,
àwọn fẹ́ fi kọ́ ẹ̀rọ kan tí ò ní í sùn, tí ò ní í gbowó.
Mo kà á fún Bàbá.
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀:
"Wọ́n ti gbé ìwọ náà sórí òṣùwọ̀n."

Ladáànì pe ìrun àsùbá.
Bàbá ń wá kẹ́tùrù rẹ̀, ó ń pè, "Àwẹ̀ró!"
Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta
kí n tó rántí pé èmi ni.