Lẹ́ńsì Kan Ṣoṣo

Lẹ́ńsì kan ṣoṣo ni ilé ìwé wa ní,
ó sì ti là sí méjì láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n Bitrus wà ní kíláàsì yìí.
Málàmù Tánímù fi sẹ̀lótéèpù so ó pọ̀,
ó ní: "Ẹ má fọwọ́ pa á. Ojú ni."
Àwa mẹ́tàlélógójì tò sẹ́yìn ojú kan tó fọ́.

Oṣù Ṣẹẹrẹ ni, ọyẹ́ ń mú Sáríà.
Eruku ti jókòó sórí bẹ́ńṣì kí àwa tó dé,
ètè wa sán bí ilẹ̀ àkùrọ̀ tí omi ti gbẹ,
oòrùn wà lókè, ó ṣe bàìbàì bí kọ́bọ̀ àtijọ́,
èèyàn lè wò ó lójúkojú kó má sín.

"Ìmọ́lẹ̀ kì í ṣàdédé yà bàrá," Málàmù wí,
"ọ̀nà tààrà ló ń tọ̀, àfi bí nǹkan bá pàdé rẹ̀."
Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà. Ṣọ́ọ̀kì kán.
Ó mú kékeré tó kù, ó fà á dé orí dígí.
"Igun tó bá fi wọlé ni igun tó máa fi jáde."
"Bí ẹni tó wá sin gbèsè," Rakiya sọ lẹ́yìn mi,
ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Bàbá mi ń tún aago ṣe nítòsí ibùdó rélùwéè.
Láti kékeré ni mo ti mọ gíláàsì dúdú yẹn,
tó máa ń há sí ojú ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni pé ojú hùwo.
Mo bẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta.
"Oúnjẹ wa lo fẹ́ gbé lọ sílé ìwé un."
Lọ́jọ́ kẹrin ó fi aṣọ ìnujú wé e,
ó ta á ní kókó méjì.

Ní Alámísì, a ti fèrèsé mẹ́ta, a ṣí ọ̀kan sílẹ̀.
Mo gbé gíláàsì Bàbá síwájú bébà funfun,
mo sún un, mo fà á, mo tún sún un.
Àbàwọ́n lásán.
"A hankali," Málàmù ní, "díẹ̀ sí i."
Àfi gbàà tí igi dógóyárò ìta
bọ́ sórí bébà mi,
kò ju èékánná lọ, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀,
ìdí lókè, orí nísàlẹ̀,
ewúrẹ́ kan sì ń fẹsẹ̀ tẹ ojú ọ̀run kọjá.
A pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá àgbà fi yọjú.

"Èyí ni àwòrán òótọ́," Málàmù ní,
"nítorí ó ṣeé fi bébà gbà.
Èyí tó wà nínú dígí, tó dúró ṣánṣán,
tó ń rẹ́rìn-ín sí yín láàárọ̀,
ojú ló ń tan yín. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn dígí."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.
Èyí tó jẹ́ òótọ́ ló dorí kodò.
Bí a bá lọ ṣe iléyá ní Ọ̀fà, Gàḿbàrí ni wọ́n ń pè mí;
nídìí ẹ̀rọ omi ní Sáríà, Bayarabiya ni mí.
N kò mọ èwo nínú méjèèjì ni bébà lè gbà.
N kò bi Málàmù. Kò sí nínú sílábọ́ọ̀sì.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Bàbá:
"Sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ó lé díẹ̀."
Ó na àtàǹpàkò, ó wọn ọ́n sí ìka ìfábẹ̀là,
"Ibí sí ibí. Mo ti mọ̀ kí n tó bí ọ."
Ó dákẹ́ díẹ̀. "Igi tó o wí ńkọ́? Fi hàn mí."

Ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n ti mú iná lọ.
Mo tan àbẹ́là, mo ní kó tẹ́ ọwọ́,
mo sún gíláàsì títí iná kékeré kan
fi rọ̀ sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ nísàlẹ̀.
Ó wò ó, ó wò ó.
Ó yára pa ọwọ́ dé, bí ẹni mú tata.
Iná náà gun ẹ̀yìn ìka rẹ̀,
ó ń jó lọ.