Àwòrán Odò Nínú Fáìlì

Ní yàrá kẹta, ní Oulu, nínú oṣù Kejìlá,
aago méjì ọ̀sán, ilẹ̀ ti ń ṣú.
Tábìlì kan ló wà láàárín wa,
ife omi, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, iná rẹ̀ pupa.
Kibrom ni orúkọ rẹ̀. Tìgíráì ló ti wá.
Letebrhan ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ wa, tòun ti ikọ́.

Mo bi í: ọjọ́ wo ni wọ́n dé abúlé yín?
Ó ní: ọjọ́ tí à ń fẹ́ ọkà.
Mo ní: ọjọ́ wo nínú oṣù?
Ó wo ìka ọwọ́ rẹ̀, ó kà wọ́n,
bí ẹni pé ọ̀kan lè ti sọnù lójú ọ̀nà.
Fèrèsé mélòó ló wà nílé ìyá rẹ?
Ó ní méjì. Ó tún ní mẹ́ta:
"Wọ́n fi bíríkì dí ọ̀kan nígbà tí bàbá mi kú."
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: méjì; mẹ́ta.
Lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi náà gbìyànjú
láti ka fèrèsé ilé tí wọ́n bí mi sí ní Kajaani.
Mo kà á dé mẹ́rin, oorun gbé mi lọ.

Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.
Ta wá ni kí n pè?
Ẹni tó sá fún kò ní wọkọ̀ wá bá wa jókòó,
kó gbé ìbọn sórí tábìlì, kó ní,
"Òótọ́ ni, èmi ni mo lé e."
Ẹnu kan ṣoṣo ni mo ní láti gbọ́,
etí tó sì ń gbọ́ ọ, kì í ṣe tèmi.

Mo ní kó ya ọ̀nà tó gbà fún mi.
Odò ló kọ́kọ́ yà.
"Mo bá omi lọ," ó ní. "Oòrùn ń wọ̀ níwájú mi
títí mo fi dé Sùdáánì."
Ó fi ọfà kékeré kan síbi tí odò dorí kọ.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà mo ṣí fáìlì:
odò ń ṣàn lọ síbi tí oòrùn ti ń yọ.
Mo kọ ọ́ sí ìpínrọ̀ kẹrìnlá pé
olùbéèrè tako ara rẹ̀ lórí ohun tó ṣe kókó.
Gbólóhùn tó gún régé ni. Mo mọ̀ ọ́n kọ.
Mo buwọ́ lù ú, mo tẹ bọ́tìnnì, ó lọ.
Mo lọ jẹ ọbẹ̀ ẹja.

Ọjọ́ Ajé ni kọfí dà sórí tábìlì mi.
Mo gbé fáìlì sókè kíá, mo gbé e kalẹ̀ ní ìdàkejì,
odò sì ń ṣàn bó ṣe yẹ kó ṣàn.

Ìgbà náà ni mo tó rántí ọwọ́ rẹ̀:
bó ṣe yí ìwé kọjú sí mi kó tó bẹ̀rẹ̀,
tó ń ya á lódì sí ara rẹ̀, díẹ̀díẹ̀,
kí n lè rí i láìyí ọrùn,
bí ọmọlúàbí ṣe ń fi èèkù ọ̀bẹ na ẹlòmíràn.
Orúkọ rẹ̀ nìkan ló kọ sí ìhà tirẹ̀.
Orúkọ yẹn ni akọ̀wé tẹ̀lé nígbà tó ń lu ihò sí i.
Ọ̀bẹ tó nà sí mi, mo gbà á. Mo lò ó.

Raakel, ọ̀gá mi, wo ìwé náà, ó yí i, ó tún un yí.
"Ó ṣì ní ọjọ́ mọ́kànlá láti pẹjọ́," ó ní.
"Jẹ́ kí kóòtù fojú ara wọn rí i."
Mo pe ọ́fíìsì lọ́yà rẹ̀. Ó dún títí.
Mo kọ lẹ́tà, mo fi àwòrán kún un,
mo fi ọfà pupa hàn wọ́n ibi tó jẹ́ òkè.

Ẹlòmíràn ti ń dúró ní yàrá kẹta.
Mo ń gbọ́ ikọ́ Letebrhan lẹ́nu ọ̀nà.
Mo fa ìwé kan jáde, mo mú báírò,
mo ní kí n kọ orúkọ mi lódì
fún ẹni tí kò tíì jókòó sí àga iwájú mi.
Lẹ́tà mẹ́ta péré, ọwọ́ mi há.