Pẹ́ńsù Ni Kí O Fi Kọ Ọ́

Aago méjì òru, oòrùn ò tíì wọ̀.
Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí ní àríwá Nọ́wè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn:
oòrùn á jókòó sétí òkun
bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde.

Kíréènì ké. Irin eléyín méjì ya ẹnu,
ó rì, ó rì, okùn ń tú, a ń kà:
ọgọ́rùn-ún mítà, igba, ọ̀ọ́dúnrún.
Ọmọ ogún ọdún ni mí. Mo di ọ̀pá ọkọ̀ mú, mo ń bì.
"Apá ọ̀tún ni kí o bì sí, Sindre," ni Gudveig wí,
"apá òsì la ti ń fọ ẹrẹ̀."

Ẹrẹ̀ náà dé, ó tutù wọ eegun,
òórùn rẹ̀ dà bí ẹyin tó ti kọjá ọjọ́.
A ń da omi lé e lórí asẹ́, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun tí kò tíì mọ ọrùn gbé.
Ẹrẹ̀ lọ. Àwọn onílé kù sójú asẹ́:
ìràwọ̀ òkun tẹ́ẹ́rẹ́ tí apá rẹ̀ já nítorí pé a fọwọ́ kàn án,
ìkarahun tí kò tó èékánná ọmọ-ọwọ́,
ekòló inú òkun, onírun wúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Mo nu ẹnu. Mo ní, "Ṣé nítorí èyí la ò ṣe sùn?"
Gudveig ò dá mi lóhùn. Ó na bébà pélébé sí mi.
"Ọjọ́. Ibùdó. Ìjìnlẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí o fi kọ ọ́.
Ọtí inú ìgò a máa mu yíǹkì.
Kò rí pẹ́ńsù mu."

Ọdún mọ́kàndínlógún.
Yàrá ìwádìí ní Bodø, òjò ń lu fèrèsé,
mo jókòó sídìí awò tó ń sọ eérún di òkè,
mo ń ka ẹsẹ̀, mo ń ka irun, mo ń ka òrùka ara.
Ọ̀jọ̀gbọ́n Torleif ń fẹ́ iye wọn kó tó di Ọjọ́bọ̀:
mélòó nígbà náà, mélòó nísinsìnyí.
Mo ṣí ìgò kan. Òórùn ọtí gún mi nímú.
Ekòló kan, ó ti funfun, ọtí ti gba wúrà rẹ̀.
Mo fi ẹ̀mú fa bébà jáde.
Ọwọ́ mi nìyẹn, ó wọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń gbọ̀n.
Lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ mìíràn, kékeré, tó dúró ṣinṣin:
"N kò mọ èyí. Kò sí nínú ìwé kankan. Kọfí ti tán."

Lóṣù tó kọjá a padà sí ibùdó yẹn.
Irin ya ẹnu lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹrẹ̀ wà. Òórùn wà.
A fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ wa fi kú.
Òun nìkan ni kò sí,
tàbí a ò sọ irin síbi tó wà; òkun kì í jẹ́jọ́.
N kò lè kọ "ó ti parun". N kò lè kọ "ó ṣì wà".

Ilẹ̀ Sortland ti gba Gudveig láti ìgbà yìnyín èṣí.
Ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé pẹ́ńsù mẹ́rin
làwọn bá nínú àpò ẹ̀wù òjò rẹ̀.

Mo dá ekòló náà padà sínú ọtí tuntun.
Níwájú orúkọ, mo kọ: aláìlórúkọ, ẹyọ kan.
Mo gé bébà pélébé mìíràn, mo gbẹ́ pẹ́ńsù.
Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀,
mo fi ọjọ́ sí i.