Àwòrán Ilé Náà

Èmi ni mo ya àwòrán ilé ìkàwé yunifásítì wa
ní Ulaanbaatar, lọ́jọ́ tí yìnyín kọ́kọ́ bọ́:
òpó mẹ́fà funfun, àtẹ̀gùn òkúta, ilẹ̀kùn idẹ.
Mo gbé e síwájú ojú ìwé wa lórí ẹ̀rọ,
mo ní kí gbogbo ayé rí i kí wọ́n tó wọlé.

Oṣù kejì, òtútù ń pa ewúrẹ́ lórí ìdúró,
àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé láago mẹ́ta òru:
“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ilé yín wúwo.
Mo gun òkè ẹ̀yìn àgọ́ wa kí fóònù tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì,
ìka mi ti kú tipẹ́ kí òpó kẹta tó yọjú.
Ìwé àrùn ẹsẹ̀ àgùntàn ni mo ń wá.
Èmi Khongorzul, ọdún kejì, ẹ̀ka ìtọ́jú ẹran.”

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà n kò rẹ́rìn-ín mọ́.
Mo wá fóònù àtijọ́ ìyá mi jáde,
èyí tí gíláàsì rẹ̀ ti là bí ojú odò dídì,
mo bọ́ síta, mo bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún,
mo ní kí n wọ ilé ìkàwé ti ara mi.
Mo kànkùn, kò ṣí.
Mo tún kànkùn. Àwòrán ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀
bí arúgbó tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin.
Àpótí tí à ń kọ orúkọ ìwé sí
ti sá lọ sápá ọ̀tún, mo ń fi àtàǹpàkò lé e kiri.

Ilẹ̀ mọ́, mo wó ilé náà.
Mo pa òpó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ́. Ilẹ̀kùn idẹ, ó lọ.
Mo sọ ojú ìwé di tẹ́ẹ́rẹ́, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́,
mo gé ìwé ní orí-orí,
kí ẹni tó fẹ́ ẹsẹ̀ àgùntàn
má baà ru odindi màlúù.
Ọ̀gá wa Dashnyam fárí gá: “Ta ló máa mọ̀ pé a nílé?”
N kò rí èsì fọ̀.

Oṣù kẹfà, ọmọbìnrin kan dúró lẹ́nu àtẹ̀gùn,
eruku aginjù lára bàtà rẹ̀,
ó ń ka òpó bí ẹni ń ka ẹran wọ ọgbà.
Mo ní, “Ṣé ilé ìkàwé lò ń wá?”
Ó yọ fóònù lápò, ó gbé e sókè díẹ̀.
“Rárá o. Inú rẹ̀ ni mo ti ń bọ̀.
Ìta rẹ̀ ni mo wá wò.”