Ìwé Àyálò

Ọjọ́rú ni wọ́n dé, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Àjàṣẹ́,
omi ṣì ń kán sínú báàfù tí mo gbé sábẹ́ àjà,
níbi tí òrùlé ti ń jò láti ìgbà tí mo lóyún àbíkẹ́yìn mi.
Ọmọ náà ti ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ọkùnrin méjì, ọkọ̀ akẹ́rù kan, lẹ́tà kan láti Kútọnu:
Ààrẹ ní kí wọ́n kó ìwé òun wá.
Àpótí mẹ́tàdínlógún.
"Ìwé ta?" ni mo bi wọ́n.
Èyí tó ga nínú wọn, Músé Láwànì, rẹ́rìn-ín
bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ibi tí imú rẹ̀ wà.
"Ṣé ẹni tó kọ lẹ́tà kọ́ ló ni lẹ́tà ni?"

Mi ò tètè dáhùn. Mò ń so fáìlì lọ́wọ́.
Okùn òwú ni, èmi ni mo ń fi owó ara mi rà á.
Mo fi so ìwé agbowó-orí, ó gbà.
Mo fi so ìwé adájọ́, ó gbà.
Ìwé ọ̀gá ọlọ́pàá, tí òun alára ń de ènìyàn,
ó gbà kí n dè é.
Ṣé ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ ni okùn wá kúrú?

Mo bá ṣí ìwé àyálò.
Eku ti jẹ igun rẹ̀ kan, kò jẹ orúkọ ẹnikẹ́ni.
"Ẹ wò ó. Gómìnà òyìnbó nìyí.
Ó yá fáìlì méjì lórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà Sákétè.
Ó tọwọ́ bọ̀wé. Ó dá ọ̀kan padà.
Ìkejì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti kú, ìjọba rẹ̀ ti lọ,
gbèsè ò lọ."

Láwànì wo aago. Ó ní òfin tí mò ń sọ,
Ààrẹ náà ló fi òǹtẹ̀ lù ú;
ẹni tó rán agbádá lè tú u.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bó bá jẹ́ òun nìkan ló wọ̀ ọ́.
Èyí, gbogbo wa la wà nínú ẹ̀.

Mi ò mọ òfin tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí owó bàbá mi dé ni mo kàwé dé.
Ṣùgbọ́n lọ́dún tí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ wa,
ìwé tíńrín kan tí ikán ti lu ní ihò mẹ́rin
ló dìde dúró ní kóòtù nígbà tí àwọn ẹlẹ́rìí sá.
Ta ló pa á mọ́? Akọ̀wé kan tí kò mọ̀ wá rí,
tó lè fi di ẹ̀pà, tí kò fi di ẹ̀pà.

Ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò ní Ààrẹ ṣe ohun tí kò ṣe.
Ìwé tó wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ kò ní lè gbà á:
ta ní í gba ẹ̀rí ẹni tó ń bá ẹlẹ́jọ́ sùn?

Wọ́n kó o. Kí ni kí n ṣe?
Wọ́n ní apá mẹ́rin, èmi ní báàfù omi.
Ibi tí àpótí wà lórí pákó mọ́ roro láàrin eruku,
onígun mẹ́rin, onígun mẹ́rin.
Láwànì kò tọwọ́ bọ̀wé. Ó ní Ààrẹ kì í yá nǹkan.

Nígbà tí n ò gbọ́ ìró ọkọ̀ mọ́, mo jókòó,
mo kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ gómìnà:
*Ààrẹ. Àpótí mẹ́tàdínlógún. Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀.*
Ibi tí a ti ń kọ ọjọ́ ìdápadà,
mo fi í sílẹ̀ lófìfo.
Mo fi okùn tó kù so ìwé náà. Ó yí i ká, ó ṣẹ́ kù díẹ̀.
Báàfù ti kún. Mo gbé e lọ dà nù.